Òróró Mẹ́ta Nínú Ìbọn Bàbá Wílì

Bí ẹ bá dé òpópónà wa ní Dagenham, tí ẹ béèrè Ọdẹ́túndé tó ń kan òrùlé, ọmọdé gan-an yóò mú yín délé. Mi ò ní fi bò: láti Upney títí dé Heathway, kò sí ilé tí òjò ń jò wọ̀ tí èmi ò ní mọ ibi tó gbà wọlé. Ìwé tí mo kà kò pọ̀. Ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni mí nígbà tí èmi àti ilé ìwé kí ara wa pé ó dàbọ̀, kò sì sí ẹni tó sunkún nínú àwa méjèèjì. Ṣùgbọ́n àwọn tó kàwé náà ni òjò ń pa nínú ilé, èmi sì ni wọ́n ń pè. Ìtàn yìí, ọwọ́ ara mi ni mo fi kọ ọ́. Ọmọ Ìbàdàn kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, tó ń ṣiṣẹ́ ìtọ́jú àwọn arúgbó, tó ń gbé yàrá òkè lọ́dọ̀ wa, ló bá mi fi àmì sórí ọ̀rọ̀. Èmi ni mo ni ọ̀rọ̀, òun ló ni àmì. Òun ló ní kí n sọ bẹ́ẹ̀.

Ìbọn ló mú mi rántí. Ní oṣù tó kọjá, mo gbé ìbọn ọdẹ tí bàbá mi fi sílẹ̀ fún mi lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń tún ìbọn ṣe. Ó yọjú wo inú ọ̀pá rẹ̀, ó mi orí. Ó ní ọta tó ti gba ibẹ̀ kọjá ti pọ̀ jù, inú ọ̀pá náà ti jẹ, kò lè darí ọta síbi tí a rán an mọ́. Ó ní kí n pààrọ̀ ọ̀pá, ó sì bi mí pé irú ọta wo ni mo fẹ́ kí tuntun máa jẹ. Mo bú sẹ́rìn-ín. Ó wò mí bí ẹni tó ń wo ọ̀mùtí. Kò mọ̀ pé ìbéèrè yìí kan náà ni bàbá tirẹ̀ bi bàbá tèmi nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún mẹ́sàn-án, àti pé ìbéèrè ọ̀hún fẹ́rẹ̀ẹ́ tú ilé wa ká.

Ilé tí mò ń gbé yìí náà ni, torí a ò kúrò níbẹ̀ rí: yàrá mẹ́ta lókè, pálọ̀ kan nísàlẹ̀, ọgbà tó tẹ́ẹ́rẹ́ bí ìgbànú lẹ́yìn. Àwa mẹ́rin là ń gbé ibẹ̀, bàbá mi, ìyá mi, èmi, àti ìyá bàbá mi tí a ń pè ní Ìyá Àgbà, tó ti Òkè-Ògùn wá kí wa fún oṣù mẹ́fà tó sì lo ọdún mẹ́rìnlá. Tí mo bá di ojú mi báyìí, etí mi ló kọ́kọ́ ń padà síbẹ̀. Agogo àdúrà ìyá mi ló ń jí wa, agogo kékeré kan tó ní ọwọ́ igi, nítorí Aládùúrà ni wá, ìyá mi kì í sì í fẹ́ kí ẹnikẹ́ni jí ṣáájú òun, àfi Ọlọ́run nìkan. Tí agogo bá dákẹ́, bàtà bàbá mi ló kàn lórí àtẹ̀gùn, bàtà onírin lẹ́nu tí wọ́n fi ń ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ mọ́tò. Ọkọ̀ ojú irin á wá sáré kọjá lókèèrè, ife inú kọ́bọ́ọ̀dù á gbọ̀n díẹ̀. Lọ́jọ́ Sátidé, odó Ìyá Àgbà ló ni ilé. Nínú àpótí ló ti gbé odó náà wá, ó fi ìró mẹ́fà wé e bí ọmọ tuntun. Bó bá ti ń gúnyán, obìnrin òyìnbó tó wà ní ilé kejì a máa fi ọwọ́ ìgbálẹ̀ gbá ògiri. Ìyá Àgbà á ní, “Ẹ gbọ́ o, ó ń gbè mí lẹ́sẹ̀!” á sì fi kún agbára.

Iṣẹ́ tèmi ni láti lọ sùtánà funfun mẹ́rin fún ọjọ́ Àìkú, kí n sì bó ẹ̀wà tí Ìyá Àgbà yóò fi dín àkàrà lẹ́yìn ìsìn. Kò sí ọmọ tó ń bó ẹ̀wà bí èmi ní gbogbo ìjọ wa. Ọwọ́ mi yá, kì í sì í fọ́ ẹ̀wà. Ṣùgbọ́n ní ilé ìwé, nǹkan kì í rí bẹ́ẹ̀. Tí mo bá wo ìwé, àwọn lẹ́tà á máa jó. Tíṣà mi sọ fún ìyá mi lójú mi pé orí mi kò gba nǹkan kan dúró. Ìyá mi ní, “Olúwa yóò ṣí i.” Èmi gba ohun tí tíṣà sọ gbọ́ nígbà náà. Ẹni ọdún mẹ́sàn-án, kí ló mọ̀?

Ibi tí ìbọn ti wá nìyí. Bàbá Wílì ni ọ̀gá bàbá mi nídìí ẹ́ńjìnnì, òyìnbó arúgbó kan tó ń gbé ní apá Dagenham tí wọ́n ń pè ní Village, tí òun àti ìyàwó rẹ̀ kò bímọ. Nígbà tó gbọ́ pé ọmọ ọdẹ ni bàbá mi, pé ọdẹ la fi ń bẹ̀rẹ̀ orúkọ nínú ìdílé wa, ó mú un lọ sí igbó kan ní Essex lọ́jọ́ ìsinmi. Bàbá mi tọ ipasẹ̀ àgbọ̀nrín kan nínú ẹrẹ̀, láti àárọ̀ títí di ọ̀sán, títí wọ́n fi bá a níbi tó dúró sí. Bàbá Wílì ní, “Ìwọ ọmọ yìí, o gbọ́ èdè ilẹ̀.” Láti ọjọ́ náà ni ẹran ìgbẹ́ ti wọ ọbẹ̀ wa. Ìyá Àgbà á yan án gbẹ lórí gáàsì títí gbogbo òpópónà á fi rùn bí abà ọdẹ. Nígbà tí Bàbá Wílì kú, a rí i nínú ìwé tó fi pín ogún rẹ̀ pé bàbá mi ló fi ìbọn rẹ̀ sílẹ̀ fún, ìbọn tí bàbá tirẹ̀ náà ti fi sílẹ̀ fún un. Ìyàwó rẹ̀ di bàbá mi lọ́wọ́ mú lẹ́yìn ìsìnkú, ó ní ohun kan ṣoṣo lòun ń bẹ̀ ẹ́ fún: “Má jẹ́ kí wọ́n gé e.” Bàbá mi ṣèlérí. Ọkùnrin tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀ ni, nítorí náà ìlérí rẹ̀ kò pọ̀, ṣùgbọ́n èyí tó bá ṣe, a máa wúwo.

Ìṣòro ibẹ̀ ni pé wọn ò ṣe irú ọta tí ìbọn náà ń jẹ mọ́. Mẹ́ta péré ló kù nínú agolo Bàbá Wílì. Ọlọ́pàá tó ń bójú tó ìwé àṣẹ ìbọn wá jókòó ní pálọ̀ wa, ó mu tíì, ó wá sọ ọ́ kedere. Ìbọn tí kò ní ọta kò wúlò fún ọdẹ kankan. Kí bàbá mi jẹ́ kí wọ́n yọ ọ̀pá àtijọ́ kúrò, kí wọ́n fi tuntun tó ń jẹ ọta ìsinsìnyí sí i, kí wọ́n sì dán an wò kó yege, kí oṣù tó ń bọ̀ tó parí. Ó kọ àṣẹ rẹ̀ sílẹ̀. Bí kò bá yege, wọn yóò gbé ìbọn náà lọ, wọn yóò sì gé e.

Alẹ́ ọjọ́ náà, iyán tutù lórí tábìlì. Ìyá Àgbà gbé òkèlè dúró lọ́wọ́. “Bẹ́ ẹ bá yọ ọ̀pá rẹ̀ dànù, kí ló wá kù tẹ́ ẹ jogún?”

“Igi ìdí rẹ̀ ló kù, Màámi,” bàbá mi dáhùn. “Ìdí ni ilé. Àdá Bàbá wa ńkọ́? Ẹ̀ẹ̀mẹta la pààrọ̀ èèkù rẹ̀, ṣé kì í ṣe àdá Bàbá wa la ṣì ń pè é?”

“Èèkù kọ́ ló ń gégi, ọmọ yìí.”

Ìyá mi kò tilẹ̀ fẹ́ ìbọn kankan nínú ilé àdúrà. “Bàbá Túndé, ohun tó ń pa ẹran lè pa ènìyàn.”

“Ọ̀bẹ ìdáná rẹ ńkọ́, Ìyá Túndé? Ṣé kí n gbé òun náà fún ọlọ́pàá?”

“Ọ̀bẹ mi kì í dún.”

Síbẹ̀, ìyá mi kò ní kó má pààrọ̀ rẹ̀. Ó ti rí ojú opó Bàbá Wílì lọ́jọ́ ìsìnkú. Ó kàn ní òun yóò gbé e lọ síwájú Olúwa, gbogbo wa sì mọ̀ pé tí ìyá mi bá ti sọ bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ ò tíì tán.

Ẹni tó ṣe iṣẹ́ náà, Alágbẹ̀dẹ ni bàbá mi ń pè é, òyìnbó kúkúrú kan tó ní ṣọ́ọ̀bù lẹ́yìn oko ní ọ̀nà Essex. Ó yọ ọ̀pá àtijọ́, ó fi tuntun sí ìdí àtijọ́, ó bá ara wọn mu bí eyín àti èrìgì. Òun gan-an ló yẹ kó gbé e lọ sí ilé tí wọ́n ti ń dán ìbọn wò láàárín London. Níbẹ̀, ẹ̀tù tó lágbára ju ti ojoojúmọ́ ni wọ́n fi ń yìn ín nínú àpótí irin, kí ẹnikẹ́ni tó gbé e sí èjìká. Bó bá dúró, wọ́n á lu àmì sí i lára. Bí kò bá dúró, ó fọ́ nìyẹn. Ṣùgbọ́n Alágbẹ̀dẹ já bọ́ lórí àkàbà lọ́sẹ̀ náà, ẹsẹ̀ rẹ̀ kán, wọ́n sì fi símẹ́ńtì ilé ìwòsàn dì í. Ó ní kí bàbá mi wá gbé ìbọn rẹ̀ lọ́jọ́ Ẹtì, kó tì í mọ́ inú kọ́bọ́ọ̀dù irin rẹ̀, kó sì fúnra rẹ̀ gbé e lọ lọ́jọ́ Ajé. Ó ti nù ún mọ́, ó ti parí gbogbo ètò. Kí bàbá mi má ṣe nǹkan kan sí i, kó kàn gbé e lọ.

Ẹ wá gbọ́ ohun tí ilé Yorùbá fi “má ṣe nǹkan kan” ṣe.

Lọ́jọ́ Sátidé, bàbá mi ní ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde, ìbọn náà kò gbọdọ̀ lọ síwájú àjèjì láìjẹ́ pé ará ilé ti fojú kàn án. Ó yọ irin ẹ̀yìn rẹ̀ tó ń tì í, tí ìbọn kò lè dún láìsí i, ó fi ìyẹn pamọ́ sínú kọ́bọ́ọ̀dù, ó wá tẹ́ ìyókù sórí aṣọ funfun lórí tábìlì pálọ̀. Ó ní, “Ọdẹ́túndé, jókòó tì í. Mo wà nínú ọgbà. Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án.” Èmi, tí wọ́n ní orí mi kò gba nǹkan kan dúró, èmi ni wọ́n fi ṣọ́ ìbọn! Mo na àyà mi bí sọ́jà.

Kò pẹ́ tí ìyá mi fi wọlé, láìwọ bàtà, ó so gèlè funfun, ìgò òróró ìyàsímímọ́ sì wà lábẹ́ apá rẹ̀. Ó ní wọ́n fi hàn òun lójú àdúrà pé kí òun fi òróró sí ẹnu nǹkan náà kó má baà pa ènìyàn láéláé. Mo ní, “Mọ́mì, Dádì ní—” Ó ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta, ní orúkọ Bàbá, ní orúkọ Ọmọ, ní orúkọ Ẹ̀mí Mímọ́, ó da òróró gba ẹnu ọ̀pá náà wọlé. Ó nu etí rẹ̀ pẹ̀lú etí gèlè. “Má sọ fún bàbá ẹ. Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ní í kó ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́.” Ó fún mi ní ẹran díndín kan. Mo jẹ ẹ́.

Ẹran ò tíì kúrò lẹ́yín mi tí mo fi gbọ́ ọ̀pá ìtilẹ̀ Ìyá Àgbà. Ó ti gbé òrí sórí ẹ̀rọ tó ń mú ilé gbóná láti àárọ̀, ó ti yọ́ nínú ife tíì. Ó wò mí, ó wo ìbọn, ó jókòó tì í bí ẹni tó fẹ́ fi oúnjẹ bọ́ ọmọ. “Irin tuntun, inú rẹ̀ gbóná. Òrí ló ń tù ú. Bàbá ńlá rẹ kò gbé irin tuntun wọ igbó láìtù ú.” Ó rọra da òrí náà sínú rẹ̀, ó ń sọ̀rọ̀ sí i lẹ́nu, mi ò sì gbọ́ gbogbo rẹ̀. “Àkànbí, má sọ fún ìyá ẹ o. Á ní mò ń bọ nǹkan.” Ó fún mi ní owó ẹyọ kan, mo gbà á.

Ẹni tó yà mí lẹ́nu ni ẹnì kẹta. Bàbá mi gba ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn wọlé, ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, bẹ́ẹ̀ ilé ara rẹ̀ ni. Ṣíbí kan wà lọ́wọ́ rẹ̀, epo pupa kún un. Bàbá mi tó jẹ́ aṣọ́nà ní ṣọ́ọ̀ṣì! Bàbá mi tó ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ kó ẹ́ńjìnnì jọ lójoojúmọ́, tó mọ ibi tí epo ń wọ̀ àti ibi tí kò gbọdọ̀ wọ̀! Ó ní, “Túndé, ọkùnrin ni ẹ́, ọkùnrin lèmi náà. Ní ilé wa, ìbọn kì í jáde pẹ̀lú ebi.” Ó da epo náà sí i.  “Má sọ fún ìyá ẹ, má sì sọ fún ìyá mi.” Kò fún mi ní nǹkan kan. Ó fọwọ́ kan orí mi, ìyẹn sì wúwo ju ẹran àti owó lọ. Ó wé ìbọn náà nínú aṣọ funfun, ó tì í mọ́ kọ́bọ́ọ̀dù.

Mo ti di ọkùnrin báyìí, mo ti gun òrùlé tí ẹlòmíràn ò lè fi ojú wò, ṣùgbọ́n ẹ̀rù kankan ò tíì bà mí bíi ti ọjọ́ Àìkú náà. Mo wà nínú sùtánà mi, mo ń wo ẹ̀yìn bàbá mi níbi tó dúró sí lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, mo sì ń rántí ohun tó ti sọ fún mi nígbà kan nídìí mọ́tò: bí nǹkan bá dí ẹnu ọ̀nà, iná á wá ọ̀nà mìíràn jáde. Òróró mẹ́ta dí ọ̀nà ìbọn náà, nínú gbogbo ayé èmi nìkan ló mọ̀ pé mẹ́ta ni. Bí mo bá sọ̀rọ̀, mo dalẹ̀ àgbà mẹ́ta. Bí mo bá dákẹ́, ìbọn Bàbá Wílì lè fọ́ lọ́jọ́ Ajé, ìlérí bàbá mi á sì fọ́ pẹ̀lú rẹ̀. Àkàrà dé, mi ò lè jẹ ẹ́. Ìyá Àgbà ní, “Àkànbí ò jẹ àkàrà? Ẹ pe dókítà.” Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Kò sí ẹni tó wo ojú ẹnì kejì tààrà lórí tábìlì yẹn.

Lọ́jọ́ Ajé, ìyá mi ti lọ síbi iṣẹ́. Bàbá mi gbé ìbọn sínú mọ́tò, ó ní kí n gbé báàgì mi, òun á jù mí sílẹ̀ ní ilé ìwé. Nígbà tí a dé ẹnu ilé ìwé, mi ò sọ̀ kalẹ̀. Ó ní kí n sọ̀. Mi ò sọ̀. Ó wojú mi, ó rò pé àwọn ọmọ kan ń nà mí níbẹ̀, ó bá wa mọ́tò lọ. A ti ń sún mọ́ ọ̀nà ńlá tó lọ sí London kí n tó rí ẹnu mi lò.

“Dádì, tí òróró bá wà nínú ìbọn, ṣé ó léwu?”

“Òróró wo?”

“Bíi ti Mọ́mì.”

Mọ́tò yà sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà bí ẹni tó rí ejò. “Kí ni ìyá ẹ ṣe?”

“Ẹ̀ẹ̀mẹta ni. Ní orúkọ Bàbá, ní orúkọ Ọmọ—”

“Mo mọ bí wọ́n ṣe ń parí ẹ̀!” Ó fi ọwọ́ lu sítíárìn. “Obìnrin yìí! Ṣé ó rò pé fìtílà ni? Òróró nínú ọ̀pá ìbọn! Ta ló ń ṣe irú nǹkan bẹ́ẹ̀?”

Mo dúró kí inú rẹ̀ rọ̀ díẹ̀. “Ìyá Àgbà náà fi òrí sí i.”

“Màámi?” Ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀.

“Orí ẹ̀rọ tó ń mú ilé gbóná ni wọ́n ti yọ́ ọ.”

 Lọ́rì kan kọjá, ó mi mọ́tò wa. Mo ní, “Ẹ̀yin náà, Dádì.”

“Ṣíbí kan péré ni tèmi.”

“Tiwọn náà ò pọ̀, Dádì.”

Ó gbé orí lé sítíárìn. Mo ń retí ìgbátí. Nígbà tó gbórí sókè, ó béèrè pé ta ni mo ti ṣèlérí fún pé mi ò ní sọ. Mo ní gbogbo wọn. Ó ní, “O sì sọ ọ́.”

Mo ní, “Ìbọn ò lè sọ ọ́ fúnra ẹ̀.”

 Ó yí mọ́tò padà sí ọ̀nà Essex.

Alágbẹ̀dẹ jókòó lórí àga, ó na ẹsẹ̀ símẹ́ńtì rẹ̀ síwájú bí ìbọn àgbá. Ó gbé ọ̀pá náà sókè sí ìmọ́lẹ̀ fèrèsé, ó fi ojú kan wo inú rẹ̀. Kò rí ìmọ́lẹ̀ kankan. Òrí ti dì pọ̀ mọ́ ìyókù nínú òtútù. Ó ní àwọn tó ń dán ìbọn wò máa ń yẹ inú wò kí wọ́n tó yìn ín, wọn ì bá dá a padà pẹ̀lú ẹ̀gàn. Ṣùgbọ́n bó bá ṣèèṣì yọ lójú wọn, ọ̀pá náà ì bá là bí èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀. Bàbá mi tí kì í bẹ ènìyàn ń bẹ ènìyàn. Alágbẹ̀dẹ ò lè dìde, ó na ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí wọ́n fi ń nu inú ìbọn sí bàbá mi, ṣùgbọ́n ọwọ́ bàbá mi ń gbọ̀n, ó ń kan etí irin. Alágbẹ̀dẹ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, ó nà án sí èmi. “Má fi agbára ṣe é. Fi sùúrù ṣe é. Jẹ́ kó gún régé.” Mo fi aṣọ kékeré sí orí rẹ̀, mo tì í, ó jáde lódì kejì pẹ̀lú pupa. Mo tún tì í, òmíràn jáde ní funfun tó nípọn. Ìkẹta jáde ní àwọ̀ oyin. Alágbẹ̀dẹ gbé pupa sí imú. “Ta ló ń dáná nínú ìbọn mi?” Bàbá mi wo ilẹ̀. Mo nù ún fún bíi wákàtí kan, ọwọ́ mi ò kan etí irin lẹ́ẹ̀kan. Nígbà tí inú ọ̀pá náà dán bíi dígí, Alágbẹ̀dẹ kò wo ìbọn, èmi ló ń wò. Ó sọ fún bàbá mi pé, “Ọwọ́ ọmọ yìí dúró. Èyí ò ṣeé kọ́ ènìyàn.”

Ẹ jẹ́ kí n sọ òtítọ́. Ẹnì kan ti sọ fún mi pé orí mi kò gba nǹkan kan dúró. Ọjọ́ yẹn ni ẹlòmíràn sọ pé ọwọ́ mi dúró. Láti ìgbà náà, ọwọ́ mi ni mò ń bá lọ, kò sì tíì já mi kulẹ̀ lórí òrùlé kankan.

Bàbá mi gbé ìbọn náà dé London kí wọ́n tó tilẹ̀kùn, ó fi í sílẹ̀ níbẹ̀. Lálẹ́, nígbà tí gbogbo wa jókòó sídìí tábìlì, ó mú aṣọ kékeré mẹ́ta jáde nínú àpò rẹ̀, ó tò wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọbẹ̀. Ìyá mi wo èyí tó láwọ̀ oyin, ó tètè wo òrùlé. Ìyá Àgbà wo funfun, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wá gíláàsì ojú rẹ̀ tó wà lójú rẹ̀. Ìyá mi ló kọ́kọ́ yíjú padà sórí tábìlì.

“Ta ló ni pupa?”

Bàbá mi wúkọ́.

“Bàbá Túndé! Ẹ̀yin! Aṣọ́nà ṣọ́ọ̀ṣì!”

“Ìyàwó, fi ọkọ mi sílẹ̀,” Ìyá Àgbà ní, ẹ̀rín sì ti ń gbé e. “Olóròóró ni gbogbo wa. Ìbọn yẹn ì bá kàn dín àkàrà fún wọn ní London!” Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi dà lójú rẹ̀, ìyá mi bá a rẹ́rìn-ín, aládùúgbò sì gbá ògiri. Lọ́sẹ̀ náà, ojoojúmọ́ ni a ń gbàdúrà fún ìbọn náà, ìyá mi pẹ̀lú agogo, Ìyá Àgbà pẹ̀lú ẹnu jẹ́jẹ́ nínú yàrá rẹ̀, bàbá mi lórí àtẹ̀gùn. Àdúrà ẹnu nìkan. Gbogbo ìgò wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù.

Lọ́jọ́ Ẹtì, bàbá mi gbé e délé. Ó ti yege. Ó fi àmì tí wọ́n lù sí ìdí ọ̀pá rẹ̀ hàn wá, àmì kéékèèké tó jinlẹ̀ nínú irin. Ìyá Àgbà ní kí n di ọwọ́ òun mú síbẹ̀. Ó fi ìka rẹ̀ tọ́ ọ wò, ó wá gbé ìka kan náà sí àbàjà tó wà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ ara rẹ̀. “Wọ́n ti kọ ọ́ nílà,” ó ní. “Ó ti di ọmọ ilé. Mi ò tún jà mọ́.” Lọ́jọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e, ìyàwó Bàbá Wílì wá jẹ àkàrà lọ́dọ̀ wa. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ pa igi ìdí ìbọn náà, níbi tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọkọ rẹ̀ ti mú kó dán, kò sì béèrè ọ̀pá àtijọ́ rárá.

Ọ̀pá àtijọ́ ọ̀hún, Alágbẹ̀dẹ là á, ó gé e sí wẹ́wẹ́ kó má lè ṣiṣẹ́ ìbọn mọ́. Bàbá mi mú ègé kan wálé, ó rì í mọ́lẹ̀ nínú ọgbà. Ìyá mi ní kí ni yẹn. Bàbá mi ní igi tòmátò ni. Ìyá mi gbin tòmátò sí ìdí rẹ̀ lóòótọ́, torí kì í fẹ́ kí ọkọ òun purọ́. Lọ́dọọdún, bàbá mi á da ọtí dúdú díẹ̀ sí ìdí tòmátò náà, ìyá mi á sì dúró lójú fèrèsé ìdáná, á máa fọ abọ́ kan ṣoṣo fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Tòmátò yẹn máa ń so! Ó ṣì wà níbẹ̀ di òní, ègé irin náà, ó ti dógùn-ún.

Bàbá mi ti lọ, Ìyá Àgbà ti lọ. Ìbọn náà dé ọwọ́ mi pẹ̀lú ìwé àṣẹ tó péye. Nígbà tí ọmọ Alágbẹ̀dẹ bi mí léèrè pé irú ọta wo, mi ò dá a lóhùn fúnra mi. Mo pe ọmọbìnrin mi, Tèmítọ́pẹ́, torí òun ló ń tẹ̀ lé mi lọ sí igbó Essex báyìí, òun sì ni yóò jogún rẹ̀. Ó ní òun fẹ́ èyí tí kò ní máa ta èjìká òun bí ìbaaka, àmọ́ tó tó fún àgbọ̀nrín. Bẹ́ẹ̀ la ṣe é. Ọ̀pá tuntun, ọta tuntun, ìdí àtijọ́. Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ mí, ẹ mọ̀ pé mi kì í yangàn, ṣùgbọ́n kò sí ọmọbìnrin tó ń tọ ipasẹ̀ ẹran bíi tèmi ní gbogbo Dagenham.

Lánàá, kó tó lọ fún ìdánwò, mo tẹ́ ẹ sórí aṣọ funfun lórí tábìlì, torí ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Mo ní kí Tèmítọ́pẹ́ jókòó tì í, kó má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni mú ìgò kankan dé ibẹ̀. Kò pẹ́ tí mo fi gbọ́ ọ̀pá ìtilẹ̀ ìyá mi. Ó ti lé ní ọgọ́rin ọdún, kò wọ bàtà. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà.

“Mọ́mì, kí ló wà lọ́wọ́ yín?”

“Ọwọ́ mi ló wà lọ́wọ́ mi.”

Ìgò kékeré náà ni. Mo na ọwọ́, ó yí ẹ̀yìn sí mi. Ó kán ẹyọ òróró kan sórí àtàǹpàkò, ó kọjá ẹnu ọ̀pá, ó kọjá àmì, ó lọ fi í pa igi ìdí rẹ̀, níbi tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ Bàbá Wílì àti ti bàbá mi ti mú kó dán. “Ìdí ni mo fi sí,” ó ní. “Bàbá ẹ ló ní ìdí ni ilé.” Ó wá tẹ̀ sí etí ọmọ mi, bí mo ṣe dúró níbẹ̀ gan-an, mi ò sì ju ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta lọ sí i.

“Tèmítọ́pẹ́, má sọ fún bàbá ẹ o.”

Mo gbójú sókè, mo ń wo òrùlé.